Amójúdán àti Ojú Ọmọ Rẹ̀

Kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Amójúdán ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tó wà nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, láàárín ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ti ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń ya fọ́tò níwájú. Amójúdán ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tó ń gba ojú àwọn èèyàn, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń nù ún, tó sì ń dá a padà fún wọn ní dídán gbinrin. Bí o bá wọlé pẹ̀lú irorẹ́ mẹ́jọ lágbọ̀n, ẹyọ kan kò ní bá ọ dénú fọ́tò. Bí o kò bá sùn tó lánàá tí ìpéǹpéjú rẹ wú, Amójúdán á bá ọ sun èyí tó kù.

Èèyàn ṣòro tẹ́ lọ́rùn ṣá. Ọkọ ìyàwó kan ní kí wọ́n bá òun dín imú òun kù, ó ní imú bàbá òun ni, òun àti bàbá òun kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá arúgbó kan gba fọ́tò tirẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sáré padà. "Ta lẹ gbé fún mi yìí? Àpá iwájú orí mi dà? Àpá yẹn ni ìyàwó mi fi ń dá mi mọ̀ láàárín èrò!" Amójúdán ní láti bá bàbá wá àpá rẹ̀ padà, ó sì tọrọ àforíjì. Àmọ́ irú bàbá yẹn kò pọ̀. Ohun tí àwọn yòókù ń wá ni kí wọ́n rí ara wọn bí wọ́n ṣe rò pé àwọn rí.

Ọ̀gá ní òfin kan tó máa ń sọ bí ẹni ń gbàdúrà: "Ojú kankan ò gbọdọ̀ jáde níbí láìfọ̀." Ọdún mọ́kànlá ni Amójúdán fi gbọ́ ọ, títí òfin náà fi kúrò ní etí tó wọ inú ọwọ́. Kí ojú ṣáà ti là lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ òsì á ti tẹ ohun tó máa tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á ti máa wá ibi tó ṣú lọ, ibi tó wú, ibi tó jìn. Ó lè máa bá onídìrí jà nítorí omi tó dà sẹ́nu ọ̀nà wọn, kó máa bá a jà tinútinú, kó sì gbójú padà sórí ẹ̀rọ kó rí i pé iṣẹ́ ti parí. Ó máa ń fi èyí yangàn. Ó ní òun lè fi ojú oorun ṣe iṣẹ́ òun.

Ojú tirẹ̀ ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún kòtò kéékèèké, àwọn kan rí tóóró bí ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, àwọn kan fẹ̀ bí ojú èékánná. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí irorẹ́ kọ́kọ́ dé sí i lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, ló gba ìtọ́jú rẹ̀ ṣe. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n á mú un jókòó sójú fèrèsé, á fi èékánná àti píìnì irun fún irorẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ kò bá jáde, ìdọ̀tí ṣì kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ojú á máa ta á bí iná. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ogún ọdún, irorẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó sì wó ògiri ilé kó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n náà kò mọ ohun tó ṣe títí dòní, Amójúdán kò sì sọ fún un rí. Kí ni ìbá sọ? Ìfẹ́ ló fà á.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí irorẹ́ àkọ́kọ́ yọ níwájú orí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, ara Amójúdán bù máṣọ. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ó ga, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ débi pé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí máa ń fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, oṣù méjì-méjì ló ń yà sílé. Ìyá àti ọmọ ló ń gbé nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni Amójúdán ń fẹ́ láyé: kí ojú ọmọ yìí má dà bíi tòun. Kò bèèrè ilé, kò bèèrè mọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gé èékánná ọmọ náà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, á gé e wọlé débi pé ọmọ kò lè fi ṣí ike omi.

"Má fọwọ́ kàn án."

"Màmá, ó ń yún mi."

"Kó máa yún ọ. Bó o bá fún un, kòtò lò ń gbẹ́ yẹn. Wo ojú mi. Mo ní kó o wò ó."

Ọmọ á wò ó, á sì mú ọwọ́ kúrò.

Onídìrí gbọ́, ó mú ìpara kan wá nínú ike tí kò ní àkọlé. "Ìyá Ọmọ, ẹ fi kùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ máa rí i bí ojú ẹ̀ á ṣe mọ́." Ìpara abóra ni. Amójúdán ti rí ojú púpọ̀ lórí ẹ̀rọ tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ti bó, tí awọ rẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí irorẹ́ sì padà wá sí i ní ìlọ́po méjì. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí kí onídìrí tó dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ò lè sọ pé obìnrin yìí kò gbọ́n. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dùn mí.

Nígbà tí ọmọ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nǹkan yí padà. Irorẹ́ kò dúró lókè awọ mọ́, ó wọlẹ̀. Kókó líle-líle ń so sábẹ́ awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun àgbọ̀n, ó ń gbóná bí a bá fọwọ́ kàn án, ó sì ń dun ọmọ náà bó bá ń jẹun. Kíá ni ìyá mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní òpópónà kejì.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, tó fi okùn gbé awò ojú rẹ̀ kọ́ sáyà. Ó gbé awò náà sójú, ó wo ọmọ náà dáadáa, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ káre tẹ́ ẹ tètè mú un wá, Màmá. Ẹ tẹ́tí sí mi. Àpá irorẹ́ kì í dúró kí irorẹ́ lọ tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kókó yìí ṣe ń gbóná lábẹ́ awọ báyìí, ẹran ibẹ̀ ló ń jẹ. Tó bá jẹ ẹ́ tán, awọ ò ní rí nǹkan gbára lé, á jìn. Ká tètè pa iná yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Dókítà awọ ló máa sọ. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wá síbí lọ́dún, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sì lọ. Fọ́tò la máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Èmi màá ya tòní. Lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa yà á ránṣẹ́ sí mi. Ibì kan náà, iná kan náà, kò sì gbọdọ̀ kun àtíkè. Ìpara àti hóró oògùn la máa fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń rọ̀, a máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ń le sí i, dókítà á gbé e bọ́ sórí oògùn tó lágbára, torí ìyẹn kì í ṣe ohun tá a kàn ń fún ọmọ jẹ. Ohun tó bá rí nínú fọ́tò ló máa fi pinnu o."

"Fọ́tò?" Amójúdán rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọmọ náà jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ọ̀gá sì yọ̀ǹda kámẹ́rà ńlá fún un. Ó ya iwájú, ó ya ọ̀tún, ó ya òsì, ó ní kó gbé àgbọ̀n sókè, ó ya ìyẹn náà. Fọ́tò kámẹ́rà yìí tóbi ju ohun tí fóònù ilé ìwòsàn lè gbà lọ, nítorí náà ó ní láti kọ́kọ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kó lè dín in kù. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ojú là lórí ẹ̀rọ. Lásìkò yẹn gan-an ni onídìrí yọjú wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó ní oníbàárà òun kan ti sùn lọ lórí àga, ó sì ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń dúró de irun fi ń kó ẹrù wọn. Amójúdán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí onídìrí lọ, ó dín fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kù, ó fi wọ́n ránṣẹ́, ó bọ́ sórí ojú ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì pè é. "Màmá, ẹ kú oríire! Dókítà ní ó ti ń rọ̀ gan-an. Ó ní ká má yí nǹkan kan padà."

Amójúdán jó láàárín ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọmọ ti ilé ìwé dé, ó ròyìn fún un. Ọmọ fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ṣùgbọ́n Màmá, ó ṣì ń dùn mí. Tuntun méjì tún ti yọ níbí."

"Dókítà ló sọ pé ó ń rọ̀. Ṣé ìwọ lo wá mọ̀ ju dókítà lọ ni?"

Ẹ wá wo nǹkan. Obìnrin tó ń rí ojú ọmọ yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà ní ìlú mìíràn ló gbà gbọ́, ó fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ta ni kì í fẹ́ gba ìròyìn ayọ̀ gbọ́?

Ní oṣù kejì, kò sí onídìrí nítòsí. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ti fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tán kí ọkàn rẹ̀ tó padà síbi tó jókòó sí. Ó dá ọwọ́ dúró lójijì. Lórí ẹ̀rọ, apá ọ̀tún ojú ọmọ rẹ̀ jọ̀lọ̀, apá òsì wú, ó pọ́n, kókó márùn-ún tò síbẹ̀. Ohun tó ṣe lóṣù tó kọjá wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù lé e lórí.

Bọ́tìnnì kan ló kù kó tẹ̀, kí ojú náà padà sí bó ṣe rí. Ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kí ló dá a dúró? Ìtìjú ni àkọ́kọ́. Bó bá fi ojú tòótọ́ ránṣẹ́, dókítà á bèèrè bí ojú tó ti ń dára ṣe bàjẹ́ tó báyìí láàárín oṣù kan, òun á sì ní láti ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì tí òun ti fọ́nnu fún. Lẹ́yìn ìtìjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀: ìpara máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, bó bá di oṣù tó ń bọ̀ ojú náà á ti rọ̀ ní tòótọ́, nígbà náà ni òun á fi í ránṣẹ́ bó ṣe rí, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Àmọ́ ohun kan tún wà tí kò sọ fún ara rẹ̀ rárá. Ojú mímọ́ yẹn ń wò ó láti inú ẹ̀rọ. Ojú ọmọ rẹ̀ ti ọdún méjì sẹ́yìn ni, àárò rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́. Ó fọ apá òsì kó lè bá ọ̀tún mu, ó fi ránṣẹ́.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo ti bínú sí i títí ó fi sú mi. Bí mo bá ti dé ibi bọ́tìnnì yẹn, mo máa ń fẹ́ na ọwọ́ bá a tẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù kẹta, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ mọ́. Ó fara balẹ̀ ṣe é. Ó tilẹ̀ fi irorẹ́ wẹ́wẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ níwájú orí kó lè jọ òótọ́. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde rí ni, ká má parọ́. Dókítà yìn wọ́n, ó ní kí wọ́n dín hóró oògùn kù sí ìdajì.

Wọ́n dín in kù. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn kókó náà fi wá ara wọn rí, wọ́n di ọ̀kan, wọ́n bẹ́, ọyún àti ẹ̀jẹ̀ ń jáde láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ọmọ náà kò lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn mọ́, àfi kó dojú sókè gbalaja. Ojoojúmọ́ ni ìyá ń fọ aṣọ ìrọ̀rí. Nílé ìwé, wọ́n sọ ọ́ ní Yangí. Kò nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè mọ́. Ó lọ wá àyè sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí apá kan ojú rẹ̀ kò ti ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Nílé, ó yí dígí inú yàrá, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ìyá rí i, kò yí i padà. Kẹ́ ẹ sì máa wò ó o, ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ọmọ yìí kò fún irorẹ́ kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Bàbá rẹ̀ yà sílé ní oṣù kẹrin. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó rí ọmọ, ó dúró gbagidi.

"Ìyá Ọmọ, kí ló ṣe ojú ọmọ yìí?"

"Irorẹ́ ni. Dókítà ní ó ti ń rọ̀."

"Ó ń rọ̀? Èyí tí mo rí nígbà tí mò ń lọ ò tó báyìí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í gbélé, kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀? Lóṣooṣù ni mò ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Dókítà awọ ló ń wò ó."

Ọkùnrin náà gbà pé ìyàwó òun mọ ọ̀rọ̀ ojú ju òun lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹta, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì ńkọ́, kò rí ọmọ náà ni? Kò rí i. Àsìkò tí wọ́n ń pín oògùn, ọmọ ti wà nílé ìwé, ìyá nìkan ló ń lọ gbà á. Nọ́ọ̀sì á na ọ̀rá oògùn sí i, á bèèrè pé, "Arẹwà wa ńkọ́?" Amójúdán á ní, "Ó wà dáadáa, ó ní kí n kí yín." Á yára bọ́ síta. Fọ́tò fífọ̀ náà ló sì ń fi ránṣẹ́: oṣù kẹrin lọ bẹ́ẹ̀, oṣù karùn-ún lọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, dókítà dé. Amójúdán rò ó pé kí òun má lọ. Àmọ́ nígbà yẹn, ẹ̀rù ojú ọmọ náà ti wá ju ẹ̀rù ìtìjú lọ. Ọmọ fi ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ara rẹ̀ títí dé imú, ìyá dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ.

Dókítà náà kò dàgbà púpọ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ti ṣí fọ́tò oṣù náà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. "Ọmọ mi tójú ẹ̀ ti dá nìyí!" ó wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọmọ náà ṣí ìbòrí. Ẹ̀rín kú lójú dókítà. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú, ó tún wo fọ́tò.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ tó ni fọ́tò yìí lẹ mú wọlé fún mi?"

"Òun ni, dókítà." Nọ́ọ̀sì ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Dókítà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó na awọ rẹ̀ díẹ̀, ó tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì mú un lọ sí yàrá kejì, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó yíjú sí ìyá.

"Ta ló ya àwọn fọ́tò yìí?"

Amójúdán sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ti onídìrí, ó sọ ti oṣù kejì àti ti oṣù kẹta. Bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ló ń gbọ́ bó ṣe ń dún létí ara rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Dókítà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fa bébà kan mọ́ra, ó fa ìlà kan láti fi ṣe awọ, ó fi bírò ya kókó sábẹ́ rẹ̀.

"Ká ní mo rí ojú yìí lóṣù kejì ni, ǹ bá ti gbé e bọ́ sórí oògùn tó lágbára láti ìgbà yẹn. Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ìmúra ẹ̀. Ó máa lé irorẹ́ náà, mo nírètí nínú ìyẹn. Àwọn àmì dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rí yìí, wọ́n á máa ṣá díẹ̀díẹ̀ tó bá ti ń sá fún oòrùn. Àmọ́ ibi tó ti jìn, ẹran ló ti lọ níbẹ̀. Kì í hù padà fúnra ẹ̀."

"Ṣé wọn ò ní nǹkan tí wọ́n ń ṣe sí i? Mo gbọ́ pé wọ́n níná kan tí wọ́n ń tàn sí i..."

"Wọ́n ní in. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ wà tí wọ́n fi ń gún un kí awọ lè wú díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Okùn wẹ́wẹ́ tó ń fa kòtò náà wálẹ̀ lábẹ́ awọ, wọ́n lè gé e. Iná tẹ́ ẹ sọ náà wà. Ṣùgbọ́n irorẹ́ fúnra ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ lọ pátá, kí ojú sinmi. A ò ní ẹ̀rọ ẹ̀ níbí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Ó máa ń dín in kù ni."

"Ṣé á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, Màmá."

Ó sọ ọ́ tàánú-tàánú, ìyẹn ló sì jẹ́ kó wọ obìnrin náà légungun. Ó ń rántí èékánná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti píìnì irun. Ẹ̀gbọ́n òun kò mọ̀. Òun mọ gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun sì tún ṣe èyí tó burú jù.

Nígbà tí ọmọ padà wọlé pẹ̀lú òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀, dókítà ní kí wọ́n ya fọ́tò tuntun. Amójúdán dìde kí ó tó mọ̀, ó ní kí ọmọ sún mọ́ fèrèsé díẹ̀ kí òjìji imú má bàa bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ jókòó, Màmá," nọ́ọ̀sì wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ti mú fóònù tirẹ̀ jáde. "Èmi ni màá máa yà á láti òní lọ."

Ó jókòó.

Àga gbọọrọ kan wà lábẹ́ òrùlé níwájú ilé ìwòsàn. Oòrùn ń mú ganrínganrín, wọ́n sì ti ní kí ọmọ máa sá fún un, nítorí náà wọ́n jókòó síbẹ̀ de kí ó rọ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá. Amójúdán ń fi ọwọ́ ká etí ọ̀rá oògùn, ó ń tú u, ó ń ká a.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Àwọn fọ́tò tí mò ń yà ọ́ yẹn..."

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ kí ni?"

"Pé ẹ̀ ń fọ̀ ọ́. Mo wá tẹ iṣẹ́ ilé ìwé mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ẹ ti lọ ra bébà. Ojú mi méjì ló wà lórí ẹ̀rọ, ọ̀kan wú, ọ̀kan jọ̀lọ̀. Oṣù kejì nìyẹn."

Amójúdán dá ọwọ́ dúró lórí ọ̀rá oògùn náà. Oṣù kejì. Nígbà tí kókó kò tíì bẹ́, tí kò tíì sí kòtò kankan.

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀? Kí ló dé tó ò pariwo lé mi lórí, tó ò lọ sọ fún nọ́ọ̀sì?"

Ọ̀nà ni ọmọ náà ń wò. "Mo rò pé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn."

Ìyá fẹ́ sọ pé rárá. Ó fẹ́ sọ pé ojú rẹ ni mo fẹ́, bó ti wù kó rí, ìwọ ni mo torí rẹ̀ ń sá kiri. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wo ẹ̀rọ, ó sì ti rí bó ṣe ń wo òun, ó mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ẹkún ló jáde. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ọmọ sì jẹ́ kó di òun mú, ṣùgbọ́n kò yíjú sí i.

Nígbà tí ẹkún náà rọ̀, ọmọ bi í léèrè.

"Màmá, ti oṣù kẹta yẹn, ṣé ó ṣì wà lórí fóònù yín?"

"Ó wà níbẹ̀. Màá pa á rẹ́ lónìí. Gbogbo ẹ̀ ni màá pa rẹ́."

"Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi." Ó fa ìbòrí rẹ̀ sókè títí dé imú. "Fọ́tò náà dáa. Mo fẹ́ máa fi han àwọn tí ò tíì rí mi rí."

Amójúdán nu ojú rẹ̀, ó wá fọ́tò náà títí ó fi rí i, ó fi ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe ń lọ.